Sí Olóòtú: Ẹ Má Rán Wa Lọ Ra Igi Òtútù, Àjàgbọn Ń Bẹ Nílé

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ìnáwó ìwé títẹ̀ lásìkò tí bébà ti di ọ̀wọ́n gógó yìí. Mo ka ohun tí ẹ gbé sí ojú ìwé ilé àti ọgbà nípa igi kéékèèké tí àwọn ará Japan ń gbìn sínú àwo, èyí tí wọ́n ń pè ní bónsáì. Àwòrán rẹ̀ dára, ìtàn rẹ̀ náà dùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun ni ìparí rẹ̀, níbi tí akọ̀ròyìn yín ti gba ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó lọ bá àwọn tó ń ta òdòdó l'Ékòó, kó ra páìnì tàbí júnípà, nítorí pé igi ilẹ̀ wa le jù, kò gba títẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹni tí kò bá tíì gbìn ín wò kọ́ ló yẹ kó sọ pé kò ṣe é gbìn.

Oníṣẹ́ iná ni mí. Wáyà inú ilé ni mo ń fà, Tákíè níhìn-ín l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbin igi sínú àwo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, débi pé àwọn oníbàárà tí kò mọ̀ mí dáadáa máa ń rò pé ìyàwó mi ló ń ta òdòdó níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti júnípà yẹn. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé l'Ékòó ra ọ̀kan wá fún mi nígbà kan, owó tabua ló san lé e. Ẹni tó tà á fún un sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí n máa bomi rin ín, kí n sì gbé e sórí tábìlì nínú pálọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ wo ìdí rẹ̀, òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó wà lójú iyẹ̀pẹ̀ kò ṣí. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ra wọn! Gbogbo omi tí mo ń dà, etí àwo ló ń gbà sàn lọ. Igi náà tutù yọ̀yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ó ti kú. Ìwà júnípà nìyẹn. Gbòǹgbò rẹ̀ á ti jẹrà nísàlẹ̀, ewé rẹ̀ á ṣì máa dán. Ìgbà tí ewé bá fi máa pọ́n, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mi ò bá ẹni tó tà á jà, Èkó jìnnà. Ká tilẹ̀ ní kò sí gọ́ọ̀mù, kò ní pẹ́ náà kó tó kú. Igi òtútù ni. Nílùú rẹ̀, oṣù mélòó kan wà lọ́dún tí yìnyín máa ń bọ́, tí igi á lọ sùn. Bí kò bá rí òtútù yẹn, kò ní rí oorun sùn, á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí á fi rẹ̀ ẹ́ kú. Níbo la ti fẹ́ rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ fún un l'Ógbómọ̀ṣọ́? Ọyẹ́ tiwa ń gbẹni lẹ́tè, kì í bọ́ yìnyín. Igi tó mọ ọyẹ́ ló yẹ ká máa wá.

Kí n tó dé orí àwọn igi náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ ṣáá lẹ́nu àwọn tó ń kọjá. Bàbá onílé wa, àgbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló kọ́kọ́ bi mí: "Oníná, èló ni igi yìí jẹ ọ́ tí o fi dè é lókùn?" Mo ní, "Bàbá, kò jẹ mí ní kọ́bọ̀, ìdúró ni mò ń kọ́ ọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé wọn kò gbà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so ògo ọmọ mọ́lẹ̀, pé igi tí kò dàgbà, àmì ni. Ẹnìkan wá bẹ̀ mí tẹ̀létẹ̀lé pé kí n kó wọn jáde kí wọ́n gbàdúrà lé wọn lórí. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà fún òjò, ìyẹn ló ṣe àwọn igi náà láǹfààní jù.

Àwọn tó rò pé ebi la fi ń pa igi náà kó má bàa dàgbà ń ṣèèṣì. Igi tí ebi ń pa kì í pẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ á máa gbẹ níkọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ ń wọlé fún tiwa, omi ń wọlé, oòrùn ń pa á tó. Ohun tó ń mú un kéré ni pé à ń gé orí rẹ̀, a sì ń dín gbòǹgbò rẹ̀ kù látìgbàdégbà. Bí a bá gé gbòǹgbò ńlá, wẹ́wẹ́ á hù rọ́pò rẹ̀. Bí a bá gé ẹ̀ka kan, méjì á yọ. Bí ẹ̀ka bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewé ń kéré sí i. Kò sí ohun tó yí padà nínú ẹ̀yà igi náà fúnra rẹ̀. Ẹ tú u kúrò nínú àwo lónìí, ẹ gbìn ín sẹ́yìnkùlé, á ga ju òrùlé lọ.

Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Ní Washington nílẹ̀ Amẹ́ríkà, páìnì kan wà nínú àwo nínú ọgbà igi ìjọba wọn, láti 1625 ni wọ́n ti ń tọ́ ọ. Ọwọ́ ìdílé Yamaki ní Hiroshima ló wà nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí ìlú náà lọ́jọ́ 6 oṣù kẹjọ 1945. Ilé wọn kò ju nǹkan bíi máìlì méjì síbi tó bọ́ sí, ògiri ọgbà ló gba igi náà là. Ní 1976, Masaru Yamaki fi igi yìí ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, kò sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ó di 2001, tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wá wo igi náà, kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ tó gbọ́ ìtàn yìí. Ṣé igi tí wọ́n so ògo rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló pẹ́ láyé tó báyẹn?

Ó yá, ká bọ́ sórí igi. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, kò yẹ kó máa béèrè èyí tí òun máa kọ́kọ́ mú. Àwọn àgbà wa sọ pé abẹ́ igi àjàgbọn ni Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, pàgọ́ sí nígbà tí gbogbo ibí yìí ṣì jẹ́ igbó ọdẹ. Àwọn ará Íńdíà fẹ́ràn àjàgbọn débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà yìí gan-an ni orírun rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bónsáì ní Íńdíà àti ní Philippines kì í fi àjàgbọn ṣeré rárá. Àwa tí a fi ìdí ìlú wa tì í, a kò rò ó kàn.

Ewé rẹ̀ kéré láti ilẹ̀ wá. Igi mìíràn wà tí a ó máa bẹ ewé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbà kó kéré; ti àjàgbọn ti kéré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Méjì méjì ni wọ́n tò sára ọ̀pá ewé, bó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á pa pọ̀, wọ́n á sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á là. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó kọ́kọ́ rí i nírọ̀lẹ́ rò pé igi ń kú lọ, ló bá sáré gbé búútà tí a fi ń ṣe àlùwàlá, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ sí i. Èèpo rẹ̀ náà kì í pẹ́ ya. Igi tí kò tíì ga kọjá orúnkún á ti ṣú, á ti rí págunpàgun, àlejò á máa bi yín pé ọjọ́ wo lẹ ti gbìn ín.

Kóró rẹ̀ kò ṣòro rí. Àwọn Hausa ń ta àjàgbọn ní Sábó, sámíyà ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n ń fi sí kunu. Ẹ mu kunu yín, ẹ má da kóró nù. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ gbìn ín, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì á ti hù. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Kí ewé méjì tó là lókè, gbòǹgbò àárín ti sọ̀kalẹ̀ lọ jìnnà, ó ń wá omi, torí igi ilẹ̀ gbígbẹ ni. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e sínú àwo pẹlẹbẹ, gbòǹgbò kan ṣoṣo tó nà gbọọrọ lẹ ó bá, kò ní sí èyí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti dì í mú. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, bó bá ti ní ewé bíi mẹ́rin, màá hú u jẹ́jẹ́, màá fi réésà gé ìdajì gbòǹgbò àárín náà dànù, màá wá gbé e lé orí àfọ́kù táìsì, kí n tó bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Àwọn oní-táìsì kì í wọ́n níbi tí a ti ń fa wáyà, àfọ́kù wọn kò sì lówó lórí. Gbòǹgbò tó bá kan táìsì kò ní rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kiri. Nígbà tí ẹ bá máa hú u lẹ́yìn ọdún mélòó kan, gbòǹgbò á ti fọ́n yí ìdí rẹ̀ ká, á sì di ilẹ̀ mú lójú yín.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kó ti sanra o, kì í ṣe nínú àwo. Èyí ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n á hú ohun tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á kì í bọ inú àwo olówó ńlá, wọ́n á wá máa retí kí ìdí rẹ̀ tóbi. Kò ní tóbi. Ẹ fi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó ga débi tó wù ú, kí ẹ wá gé e dé ibi tí ẹ fẹ́ kó ti yà. Èyí tó bá tún yọ, ẹ jẹ́ kó sanra, ẹ tún gé e. Ọ̀nà tí àwọn ará Guangdong ní China ń gbà ṣe tiwọn nìyẹn, ọ̀bẹ àti sùúrù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì ní sùúrù, ẹ wá ibi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀. Lẹ́yìn ọjà àti lẹ́bàá àkìtàn, ẹ ó rí odán àti àjàgbọn tí ewúrẹ́ ti ń jẹ lórí láti ọdún mọ́dún, ìdí wọn ti ki, orí wọn kò kọjá ìtàn èèyàn. Ìwé kankan kò kọ́ mi ní gígé igi tó bí mo ṣe rí i tí ewúrẹ́ ń ṣe é. Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó hú u, kí ẹ sì hú u nígbà tí òjò bá ti rọlẹ̀ dáadáa.

Akọ̀ròyìn yín ní igi wa kò gba títẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀ka àjàgbọn tó ti gbó máa ń dá pàú bí ẹ bá fipá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní àwọ̀ ewé, tó ń bọ̀ sí àwọ̀ igi, ni kí ẹ mú. Ohun tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ sì rèé, nínú iṣẹ́ mi ni mo ti rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fowó gọbọi kó wọ̀lú: wáyà kọ́pà. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́, wáyà inú ilé oníwọ̀n 1.5 fún ẹ̀ka wẹ́wẹ́, 2.5 fún èyí tó tó ìka ọmọdé, 4 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ bó rọ́bà ara rẹ̀ o, ẹ má jó o pọ̀ mọ́ rọ́bà, èéfín yẹn kò dáa fún àyà. Ẹ wá kó kọ́pà náà sínú iná èédú títí á fi pọ́n dẹ̀dẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ nígbà yẹn kò ní gbà pé kọ́pà àná ni, á rọ̀ débi pé ọmọdé lè ká a. Ẹ fi yí ẹ̀ka náà ní dídàgbẹ̀rẹ̀, kí ó má há jù, kí ó má dẹ̀ jù, ẹ wá tẹ ẹ̀ka síbi tí ẹ fẹ́. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, kọ́pà náà á le padà fúnra rẹ̀, á sì dì í mú. Alumí kì í di ẹ̀ka mú tó bẹ́ẹ̀, èyí tó nípọn jù lẹ ó fi rọ́pò kọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́. Lásìkò òjò, ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí igi ń sanra, wáyà kì í sanra, ó sì lè jẹ wọ èèpo kí ẹ tó mọ̀. Nígbà yíyọ, ẹ má tú u ní títú. Púláyà ni kí ẹ fi gé e ní kéékèèké. Kọ́pà kò ju ẹ̀ka lọ, ẹ ṣì lè tà á fún àwọn tó ń ra irin.

Oṣè ni ìyàwó mi kò fẹ́ràn nínú gbogbo wọn. Kì í ṣe nítorí àwọn ìyá tí wọ́n ní wọ́n ń pàdé lábẹ́ rẹ̀ o, nítorí lúrú ni. Ó ní, "Bàbá Bísí, oṣè tí ewé rẹ̀ kò tó ọbẹ̀ ẹnìkan, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń já a lẹ́yìn mi o! Mo rí ibi tó já, mi ò wí nǹkan kan, torí ó ń bá mi ṣiṣẹ́ láìmọ̀: igi tó bá lágbára, bí a bá já ewé rẹ̀ lásìkò òjò, èyí tó bá tún yọ á kéré sí i.

Kóró oṣè le. Omi gbígbóná ni mo máa ń dà lé e, màá fi í sílẹ̀ sínú omi náà di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú ni mo máa gbìn. Láti kékeré ni ìdí rẹ̀ á ti máa wú, èyí sì ni ẹwà rẹ̀. Bí ẹ bá gé gbòǹgbò rẹ̀, ẹ má gbìn ín padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi sí abẹ́ ibòòji fún ọjọ́ mélòó kan kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, torí omi ló kún inú igi yẹn, ojú ọgbẹ́ tútù á jẹrà. Bí ọyẹ́ bá dé, á wọ́wé pátápátá, á dúró gbẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń káàánú igi ti ń pa á. Ẹni tó bá ń bomi rin oṣè tó ti wọ́wé, ó ń sin ín ni. Ẹ fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, òjò àkọ́rọ̀ á jí i. Ẹ má sì fi agbára mú un kó jọ páìnì Japan. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Gúúsù Áfíríkà ti ní ìdúró tiwọn fún oṣè: ìdí ńlá, ẹ̀ka kúkúrú tó nàró lókè orí rẹ̀, bó ṣe ń dúró nínú ọ̀dàn gan-an. Èmi rò pé ìyẹn ni ọgbọ́n.

Ti àwo: mo lọ bá àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada ní Ìlọrin. Mo ní kí ìyá kan bá mi mọ àwo pẹlẹbẹ, kó fi ìka lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó gbẹ. Ó wò mí títí. "Ọkọ mi, èyí tó bá jò níbí, dídà la ń dà á nù. Ìwọ lo fẹ́ fowó rà á?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, ìyá. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wo oníbàárà òun. Ṣùgbọ́n ó ṣe é, ó sì ṣe é kọjá ohun tí mo ní lọ́kàn, torí ó fi ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́ta sí i nídìí, èyí tí mi ò bẹ̀ ẹ́, kí omi lè rí ọ̀nà jáde lábẹ́ rẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò tí mo bá níbẹ̀ ni mo gún, tí mo jọ̀, tí mo fi ṣe iyẹ̀pẹ̀: èyí tó tó ìwọ̀n kóró ẹ̀wà ni mò ń lò, èyí tó kúnná a máa dí ihò omi. Mo pò ó mọ́ èédú tí mo rún àti ilẹ̀dú díẹ̀. Ẹrẹ̀ lásán nínú àwo pẹlẹbẹ, á gan, atẹ́gùn kò ní dé ìdí gbòǹgbò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni omi irú àwo yìí, yàtọ̀ sí ti oṣè tó ń sùn.

Igi tó le jù lọ́wọ́ mi ni igi òrí. Kóró rẹ̀ kì í ṣe é tọ́jú pamọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá ti jábọ́, ẹ̀mí inú rẹ̀ á ti lọ. Bí ẹ bá gbìn ín ní tútù, ẹ ó rí i tí yóò là, tí nǹkan funfun kan tó ki á yọ lára rẹ̀, ẹ ó ní gbòǹgbò ni. Kì í ṣe gbòǹgbò nìkan. Orí igi náà wà nínú ohun tó ń sọ̀kalẹ̀ yẹn. Á wọlẹ̀ lọ ná, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọ̀mùnú á ti ya kúrò lára rẹ̀, á wá padà gòkè wá yọ sójú ilẹ̀. Ẹni tó bá sáré gé gbòǹgbò rẹ̀ bíi ti àjàgbọn ti gé orí pọ̀ mọ́ ìdí. Bóyá ọgbọ́n tí igi yẹn fi ń sá fún iná ọ̀dàn nìyẹn, torí iná a máa jó orí ilẹ̀, orí tirẹ̀ á wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ dúró kó yọ sókè, kí ewé rẹ̀ gbó, kí ẹ fi ìka wá ibi tí ọ̀mùnú ti ya, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni kí ọ̀bẹ dé. Kò ní yára. Nínú oko gan-an, igi òrí lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Mi ò mọ̀ bóyá màá wà níbẹ̀ nígbà tí tèmi bá máa dúró bí mo ṣe fẹ́, ìyẹn kò dà mí láàmú.

Ti ìrókò yàtọ̀. Wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, òwe náà kò mẹ́nu ba kòkòrò. Kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé ara ìrókò ló ń gbé, á yé ẹyin sára ọ̀mùnú rẹ̀, ojú ibẹ̀ á wú kókó, ọmọ kòkòrò á máa jẹun nínú rẹ̀. Bí kókó náà bá là, ibẹ̀ á jẹrà, orí igi á kú sẹ́yìn. Ohun tó sọ ìrókò di ohun tó ṣòro gbìn sóko lọ́pọ̀ nìyẹn, tí tííkì fi gba iwájú rẹ̀. Mo ní ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ni mo ń yẹ ọ̀mùnú rẹ̀ wò, èyí tó bá wú, màá já a, màá jó o. Ewé rẹ̀ ṣì tóbi ju ohun tí mo fẹ́ lọ.

Àwọn tó kọ̀ jálẹ̀ náà wà. Ọ̀pẹ ni àkọ́kọ́: ojú kan ṣoṣo ló fi ń dàgbà, bí ẹ bá gé e, ó parí. Igi igbá, tí a ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú, ọ̀pá ewé rẹ̀ kan ṣoṣo lè gùn ju gbogbo igi inú àwo lọ. Kajú kì í fẹ́ kí ọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, ewé rẹ̀ kì í gbà kó kéré tó, èso igi kankan kì í sì í kéré nítorí pé igi kéré; ẹ fojú inú wo máńgòrò gidi kan tó so rọ̀ sórí igi tí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà: kí ẹnikẹ́ni má ka èyí tán kó gbé ọkọ́, kó gba ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́-Ilé lọ, kó máa hú igi àgbà. Òfin kò gbà á, igi náà kò sì ní yè. Àjàgbọn tó ti dàgbà sínú àpáta, gbòǹgbò rẹ̀ wà níbi tí ọkọ́ yín kò lè dé. Kóró ń bẹ ní Sábó, ewúrẹ́ ń bẹ lẹ́yìn ọjà.

Akọ̀ròyìn yín, mi ò bínú sí i. Tó bá ráyè, kó wá sí Tákíè, màá fún un ní èhù àjàgbọn pẹ̀lú àfọ́kù táìsì tirẹ̀. Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé yín ni pé kí ẹni tó bá wà ní Ṣakí, ní Kìṣí tàbí ní Ìgbòho bá mi kó èso òrí tútù díẹ̀ nígbà tó bá ń jábọ́ lásìkò òjò, kó fi iyẹ̀pẹ̀ tó rin bò ó nínú àpò, kó fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Màá san owó ọkọ̀. Kí wọ́n má sá a sóòrùn, kí wọ́n má sì bá mi sè é, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá kan tó bá mi kó o wá láti Ìgbẹ̀tì nígbà kan ti sè é tán kó tó dì í, ó ní kó má bàa bàjẹ́ lọ́nà.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Oníná,
Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́.